KÀKÓ ÀTI OBÌNRIN RẸ̀: TA NI YÓÒ SAN OWÓ ÌDÚRÓṢINṢIN?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ká ènìyàn mọ́ lójijì, tí kì í fún ènìyàn ní àyè láti ronú nígbà tí ó bá dé. Bí ọkùnrin kan bá ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá májẹ̀mú pé àwọn yóò jọ lọ sí ibi tí ó léwu nítorí kí ìlú lè rí ìgbàlà, tí ó wá di ọjọ́ ìrìnàjò tí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ, ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀? Bí ó bá dúró, wọn a pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Bí ó bá lọ, wọn a pè é ní ìkà. Èwo ni kí ó mú nínú méjèèjì?

Ibi tí àwa ti kọ́kọ́ pàdé ìbéèrè yìí ni inú ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí Olóyè Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín ni Fágúnwà. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1903, ìlú náà kò sì jìnnà sí Oǹdó. Olùkọ́ ilé-ìwé ni, Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Ó kú sínú odò ní Wuya, lẹ́bàá ìlú Bídà, ní ọdún 1963. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1968, ni ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé yìí jáde, tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá náà fi rí i kà. Nígbà tí ó sì pé àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà ti kú, ní ọdún 2013, Àkúrẹ́ wa yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ sí láti jíròrò lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní ọmọdé ní ìlú Oǹdó, òwúrọ̀ ni à ń lọ sí ilé-ìwé, ìrọ̀lẹ́ ni à ń gbé wàláà wa lọ sí ilé-kéwú. Ní ilé-ìwé, olùkọ́ wa a máa ka ìwé Fágúnwà sí wa létí nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti parí, gbogbo kíláàsì a sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí a bá dé ilé-kéwú, tí Ààfáà wa bá gbọ́ tí à ń sọ ọ̀rọ̀ Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún láàrin ara wa, yóò béèrè bóyá iwin ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù a bà wá, a ó sì sọ ohùn wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń dàgbà ni a rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́ kí a di, ìyẹn ọmọlúàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rí ọgbọ́n lójú ọ̀nà, kí ó mú un. Kò yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ilé tí ó ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ìtàn náà ní ṣókí. Ọdẹ kan tí ń jẹ́ Àkàrà-ògùn ni ó ń sọ ọ́. Ó ti kọ́kọ́ wọ Igbó Irúnmalẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọdẹ tirẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọba ìlú rẹ̀ wá ránṣẹ́ pè é pé kí ó lọ sí Òkè Lángbòdó, kí ó lọ gba ohun kan bọ̀ lọ́wọ́ ọba ibẹ̀, ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Àkàrà-ògùn mọ̀ pé òun nìkan kò lè dá a lọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wọ́n kó àwọn akọni jọ. Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, ẹni tí ó kún fún ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀, tí ohùn rẹ̀ dùn. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, tí ó gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko. Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀, tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé. Àràmàdà-òkùnrin, tí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn. Kàkó náà wà níbẹ̀, alágbára tí kùmọ̀ rẹ̀ ń ba ayé lẹ́rù.

Kàkó ní obìnrin kan. Nígbà tí ó di àkókò tí yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, obìnrin yìí dì mọ́ ọn. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀. Kàkó rí i pé obìnrin náà ń dá òun dúró lójú ọ̀nà iṣẹ́ tí òun ti gbà láti ṣe. Ó pa á. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn yòókù lọ, ìtàn sì ń bá ìrìnàjò lọ.

A fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọjọ́ tí wọ́n ka ibi yìí sí wa létí, àwa ọmọkùnrin pàtẹ́wọ́ ni. A rò pé bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Títí di òní, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ka ìwé náà, orúkọ Kàkó ni ó máa kọ́kọ́ yọ lẹ́nu wọn, wọn a sì rántí kùmọ̀ rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ mẹ́nu kan obìnrin náà.

Ẹni tí ó la ojú wa ni ọmọ kékeré kan. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Àkúrẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ wọn dá lórí mímú àdéhùn ṣẹ, a sì fi ìtàn Kàkó ṣe àpẹẹrẹ kí ó lè yé wọn. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni pé kí wọ́n rí ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ohunkóhun mú òun yẹ àdéhùn. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún méjìlá lọ na ọwọ́ sókè, ó ní: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Òkè Lángbòdó máa sá lọ ni? Ṣé wọn ò lè dúró dè é kí ó fi ọjọ́ kan bẹ obìnrin yẹn?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a kò ní èsì. A ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, a sì bọ́ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá wa délé.

Kí a má baà ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn Kàkó máa ń sọ. Wọ́n ní bí gbogbo akọni bá ń gbọ́ ẹkún àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ìlú tí yóò rí olùgbàlà láéláé, nítorí kò sí akọni tí kò ní ìyá tàbí aya. Wọ́n ní àdéhùn ni àdéhùn, ẹni tí ó bá sì dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàápàá pa á láṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ Suuratul-Má'ídà pé kí àwọn onígbàgbọ́ mú àdéhùn wọn ṣẹ, ó sì wà nínú Suuratul-Isirá'i pé a ó béèrè nípa májẹ̀mú lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a. Kò sí Mùsùlùmí tí ó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àdéhùn wà ní ọwọ́ kan, tí ìfẹ́ lásán sì wà ní ọwọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Suuratu Nisá'i, májẹ̀mú tí ó lágbára ni Ọlọ́hun pe ohun tí ó wà láàrin ọkọ àti aya. Ẹni tí ó bá fẹ́ obìnrin ti dá àdéhùn, ó ti gba ohun iyebíye sí ìkáwọ́. Nítorí náà, àdéhùn méjì ni ó wà lọ́rùn Kàkó ní ọjọ́ náà. Ó mú ọ̀kan ṣẹ, ó sì fi ohun ìjà fa èkejì ya. Ẹni tí ó bá fẹ́ yìn ín pé kì í yẹ àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa pé àdéhùn tí a bá obìnrin ṣe kì í ṣe àdéhùn. Ta ni yóò dìde sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ayé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ní ọdún kejì Híjírà, ìyẹn ọdún 624, àwọn Mùsùlùmí jáde lọ sí Bádírì. Wọn kò pọ̀, ọ̀tá sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Bí ọjọ́ kan bá wà tí a lè sọ pé gbogbo ọkùnrin gbọ́dọ̀ jáde, ọjọ́ náà ni. Síbẹ̀ Uthman ọmọ Affan kò lọ, nítorí Ruqayyah aya rẹ̀, tí í ṣe ọmọ Ànábì, wà lórí àìsàn, Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí ó dúró tì í. Ruqayyah kú nínú àìsàn náà. Nígbà tí wọ́n pín ohun tí wọ́n rí lójú ogun, wọ́n yọ ìpín Uthman sílẹ̀ fún un bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ojo. Ẹni tí ó dúró ti aláìsàn gba ìpín pẹ̀lú ẹni tí ó di idà mú.

Hàdíìsì mìíràn sọ nípa ọkùnrin kan tí ó wá bá Ànábì pé wọ́n ti kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí ń lọ sí ogun báyìí, ṣùgbọ́n aya òun ti jáde lọ sí Háàjì. Ànábì dá a lóhùn pé kí ó lọ bá aya rẹ̀ ṣe Háàjì. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àdéhùn ti wà. Síbẹ̀, ẹlòmíràn lè rọ́pò rẹ̀ lójú ogun, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọkọ obìnrin náà.

Ǹjẹ́ èyí ha túmọ̀ sí pé ìfẹ́ ilé ni kí ó máa borí nígbà gbogbo? Rárá o. Àwọn tí ó lọ sí Bádírì ju 300 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi aya àti ọmọ sílẹ̀, a kò sì gbọ́ pé wọ́n jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ wà ní ibòmíràn, ibẹ̀ ni a sì fẹ́ kí ẹ bá wa wò.

Àwọn tí ó ka ìwé Lárúbáwá yóò rántí Antarah ọmọ Shaddad, akéwì àti jagunjagun tí ó gbé ayé ṣáájú ìgbà Ìsìláàmù. Obìnrin Hábáṣà tí ó jẹ́ ẹrú ni ìyá rẹ̀, nítorí náà bàbá rẹ̀ kò kà á sí ọmọ, bí ẹrú ni ó ṣe ń lò ó. Ó fẹ́ràn Ablah, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ fún ẹrú? Ìtàn sọ pé ní ọjọ́ kan, àwọn ọ̀tá kọlu ìran Abs tí í ṣe ìran rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ké sí i pé kí ó kọlù wọ́n. Antarah dáhùn pé ẹrú kò mọ ogun jà, wàrà ràkúnmí ni ó mọ̀ ọ́n fún. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ kígbe pé kí ó lọ jà, pé òmìnira ti di tirẹ̀. Ó bọ́ sí ogun náà, ó sì gba àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Lórí èyí ni àwọn onítàn ṣe hun ìtàn gígùn tí wọ́n ń sọ káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ara rẹ̀ ni Antarah fi wewu. Kò fi ti Ablah wewu, kò sì fi ti ìyá rẹ̀ wewu. Ohun tí ó san, inú àpò ara rẹ̀ ni ó ti yọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ilé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ìtàn Mọrèmi. Àwọn ará Ùgbò, tí ilẹ̀ wọn wà ní Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ni ìtàn sọ pé wọ́n ń kọlu Ifẹ̀ nínú aṣọ tí ń dẹ́rù ba ènìyàn. Mọrèmi yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ó gbé láàrin wọn títí ó fi mọ àṣírí wọn, ó sá padà wá sílé, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ bí wọn yóò ṣe fi iná ṣẹ́gun. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní júbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí ó tó lọ, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Nígbà tí ó padà dé, Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ni ó fi san ẹ̀jẹ́ náà. Ẹ fi ti pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ẹ wo ìtàn náà bí ó ti rí. Mọrèmi ní ẹ̀tọ́ láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún Ifẹ̀. Olúorogbo ńkọ́? Ta ni ó bi í léèrè?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí. Ìdúróṣinṣin ní owó orí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí ẹgbẹ́, sí ìlú, tàbí sí ọ̀rẹ́, dandan ni kí ó san nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí í ṣe tiwa nìkan ni a lè fi san án. Ẹni tí ó bá jí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kí ó fi ṣe sàráà kò ṣe sàráà, olè ni ó jà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá fi ẹ̀mí ẹlòmíràn, tàbí omijé ẹlòmíràn tí kò gbà sí i, ra orúkọ akọni. Orúkọ náà lè tàn, ṣùgbọ́n gbèsè wà nídìí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa ń jókòó síbi tútù dá Kàkó lẹ́jọ́. Àwa náà ti ṣe Kàkó rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ní ọdún 1997, Àkúrẹ́ ni a ti ń ṣiṣẹ́, Oǹdó ni ìyàwó wa àti ọmọ wa àkọ́kọ́ wà. Ẹgbẹ́ wa ń múra wólímà fún àwọn ọmọ tí ó ti parí Al-Kùránì, àwa ni a sì ń ṣètò wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú wólímà, awakọ̀ kan mú iṣẹ́ wá láti Oǹdó pé ara ọmọ gbóná, ó sì ti mú gìrì. Nígbà náà kò sí fóònù alágbèéká tí a lè fi béèrè bí nǹkan ṣe rí. Ìrìn Àkúrẹ́ sí Oǹdó nínú mọ́tò kò sì ju bíi wákàtí kan lọ.

A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. A ní bí a bá lọ, àwọn ará ẹgbẹ́ yóò sọ pé a já àwọn kulẹ̀. A ní iṣẹ́ Ọlọ́hun ni èyí, Ọlọ́hun yóò bá wa mójú tó ilé. A fi owó rán awakọ̀ náà, a sì dúró. Wólímà náà dára, wọ́n yìn wá.

Ọjọ́ kẹta ni a tó dé Oǹdó. Ọmọ ti ń jẹun nígbà náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìyàwó wa kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé omi wá, ó gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí a jẹun tán ni ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ààfáà, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Màmá tí ó wà ní ojúlé kejì ni ó bá mi gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù ní òru. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí, kí ẹ tó sùn.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ náà títí di òní kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ìyá àgbà náà kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. A lọ kí wọn. A kò mọ ohun tí a ó fi ojú wa ṣe níwájú wọn.

Èyí tí ó dùn wá jù ṣẹ́kù. Nígbà tí a padà sí Àkúrẹ́ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n bínú sí wa gan-an. Wọ́n ní: “Èé ṣe tí o kò sọ fún wa? Ṣé o rò pé a ó dá ọ dúró ni? Àwa gan-an ni a ò bá sin ọ́ dé ibùdókọ̀.” Nígbà náà ni ó yé wa pé ẹgbẹ́ kò béèrè ohun tí a fi rúbọ fún un. Ìgbéraga tiwa ni ó béèrè rẹ̀. A kò fẹ́ kí wọ́n wí pé wólímà ṣeé ṣe láìsí àwa níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wo Kàkó pẹ̀lú ojú mìíràn. Àlàáfíà ni ọba rán wọn lọ wá fún ìlú. Ìlú kí ni ìlú, bí kì í bá ṣe àwọn bíi obìnrin tí ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ yẹn? Wọ́n ń wá àlàáfíà lọ fún un, òun sì ni Kàkó kọ́kọ́ pa. Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n wà nínú àwọn tí yóò jọ lọ. Kàkó ì bá fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó lè tu ẹlẹ́kún nínú. Kò sí ìdí tí alágbára fi gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà parí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ni ó máa ń le koko.

Ohun kan tún wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Nígbà tí Àkàrà-ògùn kọ́kọ́ wọ igbó, tí Àgbákò fi ojú rẹ̀ rí màbo, ẹni tí ó wá tù ú nínú, tí ó sì ràn án lọ́wọ́, obìnrin ni. Orúkọ obìnrin náà ni Ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́ obìnrin, bóyá kò ní sí ẹni tí yóò kó Kàkó àti àwọn yòókù lọ sí Lángbòdó rárá. A kò mọ̀ bóyá Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀ràn méjèèjì sínú ìwé kan náà kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó bá ní làákàyè yóò fi wọ́n wéra.

Kí ni kí ènìyàn wá ṣe nígbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá a? Ìbéèrè mẹ́ta ni àwa rò pé ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀. Èkínní, ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni, tí mo sì ṣe tán, kí n máa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò san án, ǹjẹ́ ó mọ̀, ǹjẹ́ ó gbà? Èkejì, ǹjẹ́ ẹlòmíràn wà tí ó lè dúró ní ipò mi? Ibi tí ẹlòmíràn bá ti lè rọ́pò mi, gbèsè mi fúyẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n ní, ibẹ̀ ni ẹrù mi wà. Ẹ̀kẹta, ṣé àwọn ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ń béèrè èyí lọ́wọ́ mi, tàbí èmi ni mo ń fi orúkọ wọn béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara mi?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Igbó Irúnmalẹ̀ ti òde òní wà lẹ́bàá ọ̀nà tí à ń rìn. Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn ajínigbé ṣe ń dá àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà, tí wọ́n ń kó wọn wọ igbó. Láti ọdún 2020 tí wọ́n ti dá Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọdẹ tí ó ní aya àti ọmọ nílé wà lára àwọn tí ń wọ inú igbó náà lọ láti gba ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà fún wọn. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí pé obìnrin tí ó di oúnjẹ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lóru, tí kò sì sùn títí ó fi padà dé, òun náà wà nínú ìgbàlà náà. Ó san tirẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ san án. Ìyẹn yàtọ̀ gédégédé sí ti ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní tipátipá.

Lọ́wọ́ kejì, ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ òkùnkùn mulẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí tí òṣèlú ń kó ohun ìjà fún ní ìgbà ìbò. Wọ́n a máa sọ pé àwọn kò lè dalẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn: ta ni yóò san án? Ìyá tí ó ta ẹ̀pà ní ọjà Ọba fi rán wọn ní ilé-ìwé ni yóò san án. Irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀, olè jíjà ni. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ti ba ti ilé jẹ́, irú ẹ̀ṣọ́ wo ni ó fẹ́ fi han ará ìta?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn bi wá ní ìbéèrè, a padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì. A sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára ju ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn lọ. A ní Òkè Lángbòdó kò ní sá lọ. A ní Kàkó ì bá dúró, ì bá bá obìnrin rẹ̀ jókòó, ì bá fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ dandan pé kí ó lọ, ì bá tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó lọ pẹ̀lú ẹkún rẹ̀ létí, kí ẹkún náà sì máa rán an létí pé ó ní ibi tí ó yẹ kí òun padà sí. Ọmọ náà ní: “Ẹ ṣé, Ààfáà.” Ó tún na ọwọ́ sókè, ó ní: “Kí ni wọ́n wá ṣe fún Kàkó nígbà tí wọ́n padà délé?” A ní kí ó lọ ka ìwé náà fúnra rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe fi wá sí ipò tí a ó fi ohun ẹni ẹlẹ́ni ra orúkọ rere. Kí Ó fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èwo ni ojúṣe wa, kí Ó sì forí jì wá ní gbogbo ibi tí a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àmín.